Bí ilé ìwòsàn ṣe lè dènà bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ nínú omi ẹ̀gbin rẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ̀yin mẹ́tírọ́nì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìmọ́tótó ní àwọn ìlú bí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́, níbi tó ti wọ́pọ̀ pé kí tánkì ìgbẹ́, sọ́kàwéè àti kànga wà nínú ọgbà kan náà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá lè ní ẹ̀rọ tó ń tún omi ẹ̀gbin ṣe. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá sí ogún kì í sábà ní in, síbẹ̀ oògùn kan náà ni wọ́n ń fún aláìsàn, ilẹ̀ ìlú kan náà sì ni omi wọn ń rì sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí kì í ti ẹnu páìpù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn àti láti inú síǹkì ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń bá jà. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 amoxicillin, oògùn apakòkòrò kan, tí èèyàn bá gbé mì ló máa ń bá ìtọ̀ jáde láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Amoxicillin tètè ń bàjẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò mìíràn, máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tánkì, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Inú tánkì yìí kan náà ni ìgbẹ́ àwọn aláìsàn tó ti lo onírúurú oògùn apakòkòrò ń dà sí. Àwọn bakitéríà tí oògùn ò ràn á máa yè, wọ́n á sì máa bí sí i; èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n ní òrùka kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní plasmid, tó gbé ìmọ̀ bí a ṣe ń borí oògùn, tí bakitéríà kan sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òmíràn, kódà bí wọn kì í bá ṣe ìran kan náà. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí tó ṣàyẹ̀wò omi ní ìlú New Delhi ní Íńdíà rí àbùdá NDM-1, èyí tó ń sọ àwọn oògùn apakòkòrò tó lágbára jù di aláìwúlò, nínú 51 lára omi ìgboro 171 tí wọ́n bù àti nínú méjì lára omi ẹ̀rọ 50 tí àwọn ará ìlú ń mu. Ìwádìí tó kárí ayé fi hàn pé ní ọdún 2019 nìkan, irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ló ṣokùnfà ikú èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín mọ̀ ọ́n. Bakitéríà tó borí oògùn kò tìtorí ìyẹn borí iná tàbí kílórìn. Omi tó hó dáadáa ń pa á bó ṣe ń pa àwọn yòókù. Nítorí náà iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí ṣeé ṣe, kò sì ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tọ ipa omi náà

Kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yí ọgbà yín po. Ẹ kọ gbogbo ibi tí omi ti ń wọ páìpù sílẹ̀: síǹkì wọ́ọ̀dù, yàrá iṣẹ́ abẹ, yàrá ìgbẹ̀bí, láàbù, ibi ìfọṣọ, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń já sí. Ẹ má ṣe gbára lé pláànù ilé nìkan, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá fi wọ́ọ̀dù tuntun kún ilé àtijọ́, ibi tó yá jù ni páìpù máa ń gbà. Mo ti rí síǹkì láàbù tó ń dà tààrà sí gọ́tà ojú títì nígbà tí olówó ilé ìwòsàn fi gbogbo ọkàn gbà pé inú tánkì ló ń lọ. Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ po àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi garawa kan, kí ẹ dà á sínú síǹkì kan ṣoṣo, kí ẹnì kan dúró níbi ihò àyẹ̀wò páìpù, kí ẹnì kejì sì dúró létí gọ́tà ìta. Bí àwọ̀ náà bá yọ ní gọ́tà, páìpù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ darí padà sínú tánkì, ṣáájú gbogbo nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ tún fi téèpù wọn bí sọ́kàwéè yín ṣe jìnnà tó sí kànga tàbí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe tiyín nìkan, ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 30. Kí ìsàlẹ̀ sọ́kàwéè sì fi ó kéré tán mítà 1.5 ga ju ibi tí omi ilẹ̀ wà lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí kò le: ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ sínú kànga títí yóò fi kan omi, ẹ fi ọwọ́ di okùn náà mú níbi tó bá ẹnu ilẹ̀ mu, kí ẹ sì fà á jáde. Gígùn okùn láti ibi tí ẹ dì mú dé ibi tó ti tutù ni jíjìn omi. Oṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí òjò ti mú kí omi ilẹ̀ gbéra sókè. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí omi bá wà ní mítà mẹ́rin sí ilẹ̀, sọ́kàwéè kò gbọ́dọ̀ jìn ju mítà 2.5 lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dín ohun tó ń wọ páìpù kù

Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe lẹ́yìn tó bá fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone. Bí ìdajì bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, síǹkì ló sábà máa ń dà á sí, á sì tún fi omi ṣan ìgò náà. Ìwọ̀n díẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́, láti ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, ni oúnjẹ tí bakitéríà inú páìpù fi ń kọ́ bí a ṣe ń borí oògùn. Ẹ gbé ike kan tó ní ìdérí sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí i lára pé oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́ kù nìkan ló wà fún, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ apòògùn yín. Òfin kan náà ni kí ó de dríìpù tí a ti po oògùn mọ́ àti omi oògùn ọmọdé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. NAFDAC ló ń bójú tó bí a ṣe ń pa oògùn tó ti bàjẹ́ run. Ẹ kọ̀wé sí wọn dípò kí ẹ dà á nù.

Láàbù ni ibi tó léwu jù nínú gbogbo ọgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń dìídì gbin bakitéríà. Àwo tí wọ́n fi gbin ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí ọyún kò gbọ́dọ̀ kan síǹkì kí ó tó wọ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná àti presha pa kòkòrò, ní 121°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Bí láàbù yín kò bá ní autoclave, ìkòkò presha ńlá tó ní òṣùwọ̀n presha, tó lè dé presha 15 psi, lè ṣiṣẹ́ náà, bí ẹnì kan bá dúró tì í tó sì ń kọ àkókò sílẹ̀.

Ti dókítà náà wà níbẹ̀, n kò sì ní fò ó. Oògùn tí a kò kọ fún aláìsàn kò lè dé inú tánkì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín àwọn oògùn apakòkòrò sí ọ̀nà mẹ́ta láti ọdún 2017: àwọn tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lò, àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, àti àwọn tí a fi pamọ́ de ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Amoxicillin wà nínú ti àkọ́kọ́. Ceftriaxone àti ciprofloxacin wà nínú èkejì, síbẹ̀ àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa máa ń na ọwọ́ sí kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ẹ lẹ ìpín náà mọ́ ara ògiri yàrá dókítà, kí ẹ sì sọ ọ́ di àṣà pé a ó ti gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ fún àyẹ̀wò kí a tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, níwọ̀n ìgbà tí ipò aláìsàn bá fàyè gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tọ́jú síǹkì

Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ni omi ẹ̀gbin ń lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gòkè padà sọ́dọ̀ aláìsàn. Lábẹ́ gbogbo síǹkì ni páìpù kan ti tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, tí omi máa ń dúró sí kí òórùn má bàa gòkè. Bakitéríà bíi Klebsiella àti Pseudomonas fẹ́ràn ibẹ̀, wọ́n á sì hu ìyọ̀ (ohun tó ń yọ̀ bí ilá, kì í ṣe iyọ̀ tí a ń jẹ) sára páìpù. Ní yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi bakitéríà tó ń tàn yanran sínú irú páìpù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìyọ̀ náà ń gùn ún bọ̀ wá sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2.5 lójúmọ́ bí oúnjẹ bá wà fún un, àti pé nígbà tó dé ẹnu ihò síǹkì, omi tó já lù ú ta á káàkiri. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2017.

Nítorí náà, síǹkì tí a fi ń fọ ọwọ́, ọwọ́ nìkan ni kí a máa fọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ, tíì, mílíìkì ọmọ, omi dríìpù tó ní ṣúgà, omi tí a fi wẹ aláìsàn: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ ya síǹkì mìíràn sọ́tọ̀ fún dída nǹkan nù, kí ó wà níta wọ́ọ̀dù. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ omi kí omi má ṣe máa já tààrà lu ihò síǹkì. Ẹ má ṣe to síríńjì, gọ́ọ̀sì tàbí oògùn sí ibi tí kò jìnnà sí síǹkì tó mítà kan. Nígbà tí ẹni tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe bá sì fẹ́ fọ síǹkì, ẹnu ẹ̀rọ ni kí ó kọ́kọ́ nù, lẹ́yìn náà etí àwo síǹkì, kí ó tó wá kan ihò ní ìkẹyìn, kí ó sì ju aṣọ ìnura náà sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ti ihò bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì fi aṣọ kan náà nu ibi tí dókítà yóò fi ọwọ́ ṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí tánkì ṣe iṣẹ́ rẹ̀

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù ni ti kílórìn àti Izal tí wọ́n ń dà sínú tánkì ìgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní orúkọ ìmọ́tótó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bakitéríà tó ń jẹ ìgbẹ́ tó sì ń sọ ọ́ di omi ló ń mú kí tánkì ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ni kílórìn kọ́kọ́ ń pa. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ á sì gba kílórìn náà mọ́ra kí ó tó dé ara bakitéríà tí a ń wá. Ohun tó kù ni tánkì tó kún kíákíá, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń ṣàn lọ sí sọ́kàwéè láìjẹrà, tó sì ń dí ojú ilẹ̀.

Tánkì tó dára ní iyàrá méjì ó kéré tán, kí ohun tó wúwo lè rì sínú àkọ́kọ́, kí omi tó mọ́ díẹ̀ sì kọjá sí èkejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi òjò orí páànù wọ inú rẹ̀, nítorí pé òjò ńlá kan lè ti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde láàárín wákàtí kan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ki igi gígùn tí a fi aṣọ funfun wé bọ inú rẹ̀ láti ẹnu ihò, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ dúdú dé lára aṣọ náà. Bí ẹrẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta tánkì, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú tánkì tàbí sọ́kàwéè, ì báà jẹ́ láti gbé nǹkan tó bọ́ sínú rẹ̀. Gáàsì tó wà níbẹ̀ ń pani láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá sì kó sínú rẹ̀ láti yọ ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń bá a kú.

Kí ni kí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gba mítà 30 ṣe? Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà 120 kò lè gba sọ́kàwéè àti kànga bó ṣe yẹ, àyàfi bí wọ́n bá wà ní igun méjì tó dojú kọ ara wọn, ti aládùúgbò ṣì lè wà níbẹ̀. Nínú irú ipò yìí, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ máa gba omi mímu láti ibòmíràn, tàbí kí ẹ sọ sọ́kàwéè di tánkì tí a fi kọnkéré dí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pátápátá, tí ọkọ̀ á máa wá fà ní àsìkò. Owó ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i. Ní agbègbè bí Lẹ́kkí àti Ajah, níbi tí omi ilẹ̀ kò ti jìn rárá, kò sí ọ̀nà tó bójú mu ju èyí lọ, àfi ẹ̀rọ tó ń tún omi ẹ̀gbin ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lo kílórìn níbi tó yẹ

Bí omi bá ti kọjá nínú tánkì, tí ojú rẹ̀ sì ti mọ́ díẹ̀, ìgbà yẹn ni kílórìn tó wúlò, nínú tánkì kékeré mìíràn tí a kọ́ fún un, kí ó tó jáde kúrò nínú ọgbà. Fún omi lítà 1,000, gíráàmù 14 HTH (ìyẹ̀fun kílórìn) tó ní agbára ìdá 70 nínú 100 yóò fún yín ní nǹkan bíi mílígíráàmù 10 kílórìn fún lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú garawa omi kan. Inú omi ni a ń da HTH sí, a kì í da omi lé HTH lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ẹ má sì ṣe pa á pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá fi ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn kílórìn inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wò ó. Bí èyí tó ṣẹ́ kù kò bá tó mílígíráàmù 0.5 fún lítà kan, ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ tán; ẹ fi kún un nígbà mìíràn. Omi tó ṣì dúdú tó sì nípọn kò lè gbọ́ kílórìn, tánkì ni ẹ óò padà lọ tún ṣe.

Kílórìn ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n kò fi dandan run àbùdá tó wà nínú òkú rẹ̀, àwọn bakitéríà mìíràn sì lè rí i he. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ kejì fi ṣe pàtàkì ju èyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mọ ibi tí ẹrẹ̀ ń lọ

Inú ẹrẹ̀ ni bakitéríà àti oògùn pọ̀ sí jù. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ léèrè ibi tó fẹ́ dà á sí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dà á sí odò tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ ń bu omi nínú rẹ̀, omi náà á padà wá sí ọjà, á sì padà wọ ilé ìdáná ilé ìwòsàn yín. Ẹrẹ̀ ilé ìwòsàn kì í ṣe ajílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣàyẹ̀wò

Àyẹ̀wò kan wà tí láàbù tó ń gbin bakitéríà lè ṣe láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 ló gbé e ka orí E. coli, bakitéríà inú ìfun, irú èyí tó ń ṣe èròjà tó ń fọ́ àwọn oògùn bíi ceftriaxone. Ẹ bu omi láti ojú márùn-ún: ibi tí omi ti wọ tánkì, ibi tó ti jáde, inú kànga yín, àti inú gọ́tà kí ó tó dé ọgbà yín àti lẹ́yìn tó kọjá rẹ̀, kí ẹ má bàa ru ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ìgò tí a ti fi autoclave sè ni kí ẹ lò. Bí kílórìn bá wà nínú omi náà, kí láàbù ti fi sodium thiosulfate sínú ìgò ṣáájú, torí pé bí kò bá sí i, kílórìn á máa pa bakitéríà lọ lójú ọ̀nà, èsì á sì dára ju òtítọ́ lọ. Ẹ fi yìnyín sínú kúlà, kí omi náà dé láàbù lọ́jọ́ kan náà.

Àwo méjì ni láàbù yóò lò fún omi kọ̀ọ̀kan: MacConkey (oúnjẹ tí a fi ń gbin bakitéríà) lásán, àti MacConkey tí a po cefotaxime mọ́ ní mílígíráàmù mẹ́rin fún lítà kan. Cefotaxime àti ceftriaxone jọ jẹ́ ọmọ ìyá, nítorí náà ohun tí àwo kejì ń sọ kan abẹ́rẹ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù yín gan-an. Omi ẹ̀gbin ní láti jẹ́ èyí tí a ti fi omi tó mọ́ là ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá, kí bakitéríà má bàa bo gbogbo àwo. Lẹ́yìn wákàtí 18 sí 24 ní 37°C, kí wọ́n ka àwọn tó pọ́n bíi róòsì lórí àwo méjèèjì, kí wọ́n sì fi àyẹ̀wò míì dá E. coli mọ̀ lára wọn. Bí 200 bá wà lórí ti àkọ́kọ́ tí 80 sì wà lórí ti oògùn, ìdá 40 nínú 100 ni oògùn náà kò ràn mọ́. Iye yìí ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú iye ìgò ceftriaxone tí ilé ìwòsàn lò láàárín àkókò náà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tí ẹ óò ṣe bí kànga bá ní in

Bí E. coli bá hù láti inú omi kànga, ì báà jẹ́ lórí àwo wo, ẹ dáwọ́ mímu rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe fi fọ ọgbẹ́, ẹ má fi po mílíìkì ọmọ, ẹ má sì fi fọ ohun èlò iṣẹ́ abẹ bí kò ṣe pé ó ti hó. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò tí kànga wọn wà nítòsí, kí ẹ sọ fún wọn fúnra yín kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ sì rọ̀ wọ́n láti máa se omi wọn títí yóò fi hó dáadáa. Ẹ ké sí wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí ìwé tí ẹ yà ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ fi omi aláwọ̀ tọ páìpù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, pàápàá èyí tó kọjá nítòsí kànga, nítorí pé páìpù tó là lábẹ́ ilẹ̀ lè fa èyí bí sọ́kàwéè tilẹ̀ jìnnà. Ìgbà tí ẹ bá ti tún ibi tó là ṣe ni kí ẹ tó fi kílórìn fọ kànga náà, kí ẹ fà á gbẹ, kí ẹ sì bu omi tuntun fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀.